Bí ẹ ṣe lè gbàyè àìsàn níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ aládàáni kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo ṣì ń pàdé wọn ní Tákíè, a ṣì ń kí ara wa. Èmi ni mo máa ń gba ìwé dókítà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi ni mo máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ àti ọjọ́ tí wọ́n dé sínú rẹ́jísítà, èmi náà ni mo máa ń ti ìwé ọ̀hún bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí n tó débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni kúlà omi wà. Ẹni tó wá bu omi mu, tọ́wọ́ rẹ̀ bá yá, á ti ka fáìlì ẹni méjì kí ife tó kún.

Kí n tó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Awakọ̀ wa kan mú ìwé wá láti ọsibítù lọ́jọ́ kan, dókítà sì kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé ikọ́ ife ni. Ó tún kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ti lo oògùn débi tí kò lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, pé ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni ojú mi rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, mo ní kó máa ṣọ́ ife tó fi ń mu omi. Kó tó di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, bí ọkùnrin yẹn bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn yòókù á dìde. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni. Bó bá ń ka èyí, ó ti wá mọ̀ báyìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó kan èmi náà. Wọ́n fẹ́ yọ fáíbírọ́ìdì nínú mi. Mo fún ọ̀gá mi níwèé, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kó mọ sáàárín wa. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ilẹ̀ ọ̀la rẹ̀ máa mọ́ sí iṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp ilé iṣẹ́: ẹ bá wa gbé arábìnrin wa sínú àdúrà, wọ́n fẹ́ yọ fáíbírọ́ìdì nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Èèyàn bí ọgọ́ta ló wà lórí gúrúùpù yẹn. “Àmín” rọ̀ bí òjò. Ọdún karùn-ún tí mo délé ọkọ nìyẹn, mi ò tíì bímọ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tírú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń dà lẹ́nu ará ilé. Kí n tó jí lójú oorun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kùn mí, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ní Ìkòyí-Ilé ti gbọ́.

Mi ò sọ pé ọ̀gá mi ní mi sínú. Àdúrà ni wọ́n ń wá fún mi. Ibẹ̀ gan-an ló le sí: lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló máa ń tú àṣírí àìsàn rẹ̀ jù. Ẹni tó kórìíra yín, ẹ ò ní sọ fún un. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ohun kan ló dúró lé. Agbanisíṣẹ́ nílò láti mọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ní wá, àti pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àìsàn, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ọjọ́ méjìlá

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, sọ ọ́ ní ìpín 16 pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn ìgbà díẹ̀ kò jẹ́ kó lè wá síbi iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tó tó méjìlá nínú ọdún kan, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá ti jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ ni o! Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń yan èèyàn jẹ. Ká ní dókítà fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ọjọ́ Ajé, tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì lẹ fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́wàá péré lẹ lò nínú méjìlá yín. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, méjèèjìlá ti tán. Èmi fúnra mi ti ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn fáwọn èèyàn rí, torí bí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń kà á nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ fi bírò yí ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan po, kẹ́ ẹ tó gbà pé ọjọ́ yín ti pé. Tó bá sì ti di oṣù kìíní ọdún tuntun, òǹkà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni òfin yìí bò. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ló wà fún. Mánéjà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe bí akáǹtáǹtì àti ẹnjiníà, irú wọn kò sí nínú ẹni tí Labour Act ń pè ní òṣìṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní òfin tiwọn, tó sì máa ń fún wọn ní ọjọ́ tó ju méjìlá lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi méjìlá dá yín dúró tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lẹ ń ṣe.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni kò ní in. Wọ́n ní “máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé,” ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Ìpín 7 òfin yẹn kan náà sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti fún yín ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ yín, kó sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe tí àìsàn tàbí ìpalára kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ara yá ni kẹ́ ẹ béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè lọ́jọ́ tí ibà mú un, wọ́n á ní ó ti ń wá ọ̀nà àtisá.

Irú ìwé tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ dókítà

Ìwé méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ọ̀kan ni excuse duty, ìwé pélébé tó sọ pé ẹni báyìí wà lábẹ́ ìtọ́jú, kó sinmi láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Èkejì ni medical report, èyí tó gùn, tó ń sọ ohun tí wọ́n rí nínú ara yín, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, oògùn tí wọ́n fún yín, bóyá àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá. Excuse duty ló tó fún ibi iṣẹ́. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Medical report ni mo kó fún ọ̀gá mi, ojú ewé méjì gbáko, nítorí mo rò pé bí ìwé bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe máa gbà á gbọ́ tó.

Bẹ́ ẹ bá wà níwájú dókítà, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ní: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ni mò ń mú un lọ. Ẹ bá mi kọ iye ọjọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ orúkọ àìsàn.” Kò sí dókítà tó máa bínú sí i. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni orúkọ yín bó ṣe wà nínú fáìlì ibi iṣẹ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ ọkọ rọ́pò tiyín, ẹ kíyè sí i), ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, orúkọ dókítà, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ọsibítù. Ìwé láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísìtì kò ka. Ti nọ́ọ̀sì àdúgbò náà kò ka. Ẹni tó to eegun yín lè mọṣẹ́ ju dókítà lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n òfin kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ jẹ́ kí dókítà wò ó kó sì kọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí kì í sọ sí èèyàn lọ́kàn: orí ìwé ọsibítù fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ̀ pé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, tàbí ilé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ, ẹni tó gba ìwé náà kò nílò kí wọ́n kọ àìsàn kankan síbẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọsibítù ńláńlá tiwa níbí, bí i Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, tàbí ọsibítù ẹ̀kọ́ LAUTECH, orúkọ gbogbo ọsibítù lápapọ̀ máa ń wà lórí ìwé. Èyí tó ní orúkọ ọsibítù nìkan ni kẹ́ ẹ tọrọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ orúkọ ẹ̀ka sí.

Ọsibítù náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ibi iṣẹ́ yín bí wọ́n bá pè wọ́n. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè, National Health Act ti ọdún 2014, ìpín 26, sọ pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀, àní pé ó sùn ní ọsibítù pàápàá, àṣírí ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ tú u fún ẹlòmíràn àfi tí aláìsàn bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, tàbí tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí tí bíbò ó mọ́lẹ̀ bá máa kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ lè béèrè. Ẹ tún ìyẹn kà: ní kíkọ. Nítorí náà, tí HR, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́, bá gbé fọ́ọ̀mù kan fún yín tó ní “mo gbà kí ilé iṣẹ́ gba gbogbo ìwé ìtọ́jú mi,” ẹ má kàn buwọ́ lù ú bí ìwé àpèjẹ. Ẹ fi bírò fagi lé “gbogbo,” ẹ kọ “iye ọjọ́ ìsinmi nìkan” sókè rẹ̀, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó lójú, wọ́n sì gbà á.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé dókítà tiwọn lè yẹ òṣìṣẹ́ wò. Tó bá wà nínú tiyín, ẹ lọ. Ẹ kàn sọ fún dókítà ọ̀hún náà pé “ó lè ṣiṣẹ́” tàbí “kò tíì lè ṣiṣẹ́” ni kó kọ ránṣẹ́.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ nìyí, bí mo bá máa kọ tèmi lónìí:

“Mo fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé mi ò ní lè wá síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nítorí ìlera mi. Ìwé dókítà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlera mi wà láàárín ọ́fíìsì yín nìkan, kí ẹ má ṣe sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ mìíràn tàbí kọ ọ́ sórí gúrúùpù kankan. Ẹ ṣeun.”

Ó parí. Ẹ má ṣàlàyé bí inú ṣe ń run yín lóru. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Tí wọ́n bá ní ọwọ́ wọn dí, ẹ jókòó dè wọ́n. Tí ara kò bá gbà yín débẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ sí íméèlì ilé iṣẹ́, kì í ṣe WhatsApp ọ̀gá, torí fóònù ọ̀gá wà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀gá tó ń ṣe géèmù.

Ẹ fi lẹ́tà àti ìwé dókítà sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Mo mọ̀ pé ó dà bí àṣejù. Ṣùgbọ́n méséńjà wa kan wà, ọmọlúàbí èèyàn ni, kò sí ìwé tó gbé láti géètì dé ọ́fíìsì tí kì í kà. Ó ń fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?”

Ibi tó nira jù nìyí, òfin kankan kò sì lè bá yín dá a lóhùn. Ọ̀gá yín, tó tó ìyá yín lọ́jọ́ orí, á fi ọwọ́ gbá yín léjìká: “Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?” Tẹ́ ẹ bá ní “kò kàn yín,” ẹ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín á sì dé ibi tí àìsàn yín ò bá má dé. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì sọ máa ń burú ju òótọ́ lọ.

Ìdáhùn tí mo kọ́ lẹ́yìn tèmi rèé: “Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ara ni ò dá ṣáṣá, dókítà ti ń bá mi tọ́jú ẹ̀, wọ́n ní kí n sinmi di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.” Ẹ dúpẹ́, ẹ ṣàdúrà, ẹ sọ ọjọ́, ẹ tọrọ àdúrà, kẹ́ ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ẹni tó máa dúró síbi iṣẹ́ yín. “Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé ọwọ́ Ìyá Ìbejì.” Kò sí àgbàlagbà tó máa ní ẹ rí òun fín. Tó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn kan náà ni kẹ́ ẹ tún sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀.

Ẹ má parọ́ o. Ẹni tó ní ibà ni, tí wọ́n wá rí i ní ẹ̀ka àwọn aláboyún, ó ti sọ ara rẹ̀ di onírọ́, ọjọ́ mìíràn tó bá ní ara òun kò yá, wọn ò ní gbà á gbọ́. “Ara ò yá” kì í ṣe irọ́.

Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ tó fẹ́ wá kí yín ní ọsibítù, àṣà wa dára, mi ò ní ká pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán pé kó bá yín sọ fún wọn pé ilé ni kí wọ́n wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, káàdì wà ní ìdí ẹsẹ̀ yín tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Bí ọjọ́ kò bá tó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà fún mi, ìyẹn ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́. Mo ti fi méjì ṣàìsàn ibà ní oṣù kẹta, ó ku mẹ́wàá nínú méjìlá. Ìwé iṣẹ́ mi fún mi ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìsinmi ọdọọdún, mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, wọn ò sanwó rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì wà ní kíkọ pé iṣẹ́ mi ń dúró dè mí. Ọjọ́ àìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò tán. Àwọn ọ̀gá kan máa ń mú ìsinmi ọdọọdún yín ná an kíákíá, kí ọjọ́ àìsàn tó kàn wọ́n lápò. Ẹ̀tọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òfin fúnra rẹ̀ ní ìsinmi ọdọọdún kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ẹni tó ti lo oṣù méjìlá.

Mi ò ní tàn yín jẹ: agbanisíṣẹ́ aládàáani ṣì lè fún èèyàn ní nótíìsì pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí kò lè ṣe ni kó lé yín bí ẹní lé adìyẹ. Ìpín 11 Labour Act ní, ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì lẹ́tọ̀ọ́ sí nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan, ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan, ní kíkọ.

Ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀

Tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lẹ ti fara pa, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá omi jó yín lọ́wọ́, àpò simẹ́ńtì já lu yín lẹ́yìn: lábẹ́ Employees’ Compensation Act ti ọdún 2010, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, òun náà á sì fi tó àjọ NSITF, tó ń san owó ìfarapa fún òṣìṣẹ́, létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ sọ ẹ̀yà ara tó kàn, ẹ sọ aago, ẹ sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní “kò tó nǹkan” lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Oyún: ìpín 54 Labour Act fún aláboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àti mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, àti ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Tí àìsàn tó ti inú oyún tàbí ìbímọ wá bá tún dá a dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, wọn kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró lásìkò náà.

HIV: òfin ọdún 2014 kan wà tó dá dúró fún èyí. Kò sí agbanisíṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé àfi kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kí òun tó gbà yín síṣẹ́.

Bó bá ti jáde ńkọ́?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, oṣù méjì péré ṣáájú iṣẹ́ abẹ mi, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, Nigeria Data Protection Act. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ nígbà yẹn. Òfin yìí ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìsọfúnni tó ṣe kókó jù lọ. Ilé iṣẹ́ lè tọ́jú ìwé dókítà yín, torí wọ́n nílò rẹ̀ láti san owó oṣù. Wọn kò lè pín in kiri. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín, kí wọ́n ṣàtúnṣe èyí tó bá jẹ́ irọ́, kí wọ́n pa èyí tí wọn ò nílò mọ́ rẹ́. Ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré: fún ilé iṣẹ́ kékeré pàápàá, ó lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ ni screenshot, kí orúkọ, ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yára ní kí ẹni tó kọ ọ́ pa á rẹ́, torí tó bá ti pẹ́, WhatsApp kì í jẹ́ kó ṣeé pa rẹ́ lójú gbogbo èèyàn mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi lọ bá ọ̀gá mi lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo mú lẹ́tà lọ́wọ́. Wọ́n bínú. Wọ́n ní, “Ṣé àdúrà tí mo gbà ló wá di ẹ̀ṣẹ̀?” Mo ní rárá sà, ẹ ṣeun fún àdúrà, orúkọ àìsàn ni mi ò fẹ́ kó wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe mí. Wọn ò fèsì. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n sì ra àgádágodo fún kọ́bọ́ọ̀dù.

Mi ò gbé tèmi kọjá ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé tiyín kọjá, ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ Nigeria Data Protection Commission ní Àbújá, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é. Owó tí wọn ò san àti ọjọ́ tí wọ́n kà gbòdì, ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ikọ̀làbà, Ìbàdàn. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, náà ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kúrò níbẹ̀. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí ládùúgbò Under G, mò ń tẹ̀wé, mò ń ṣe fọ́tókópì, ibẹ̀ ni mo sì ti wá rí ojú ihò tó tóbi jù. Ẹ máa fi àpòòwé bo ìwé dókítà, ẹ máa sọ fún dókítà kó má kọ orúkọ àìsàn, kẹ́ ẹ tó wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp oníṣọ́ọ̀bù kó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ òní, ìwé ọsibítù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti pé oṣù mẹ́ta. Mi ò mọ àwọn tó ni ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń bá mi dúró náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo abẹ́ ìdérí ẹ̀rọ fọ́tókópì kẹ́ ẹ tó kúrò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé ojúlówó. Ìwé tó tẹ̀ bàjẹ́, ẹ gbé e lọ, torí ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń ṣe ìṣirò owó oníbàárà. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró kí n pa á rẹ́ lójú yín, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tó sanwó.